Iná Tó Ń Gbé Màmá Nìkan

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá mi pè mí pé àwọn ti di ẹrù àwọn. Inú kíláàsì ni mo wà, ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni ní físíìsì ní Àkúrẹ́, àwọn ọmọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí lẹ́nu, ni mo bá jáde síta. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní Òkìtìpupa ni, ọ̀dọ̀ àbúrò àwọn, àti pé àwọn kò ní padà sí ilé Oǹdó yẹn mọ́. Mo ní kí ló dé. Màmá sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

"Bàbá rẹ kò fẹ́ mi nínú ilé wọn mọ́, Oríọlá."

Bàbá mi ti kú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la sin wọ́n, òjò sì ti ń rọ̀ nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ikú náà nìkan ló ń dun Màmá, ibi tí a sin wọ́n sí gan-an ni. Nígbà ayé bàbá mi, wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n sin àwọn sí. Màmá ni kò gbà. Wọ́n ní ọkùnrin tí àwọn ti ń bá jí láti ìgbà ọmọge, àwọn kò ní lọ fi í sílẹ̀ sáàárín àwọn tí àwọn kò mọ̀ rí. A bá gbẹ́ ilẹ̀ síwájú ilé wa ní Yábà, Yábà ti Oǹdó o, kì í ṣe ti Èkó, a sin wọ́n síbẹ̀, a sì fi táìlì bo ibojì náà dáadáa.

Kò pẹ́ tí àlejò ìsìnkú tán nílé tí ọ̀rọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀. Màmá ní bí àwọn bá ti fọwọ́ kan fìríìsà tó wà ní kíṣìnnì, nǹkan kan máa ń ta àwọn láti ọwọ́ dé èjìká. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn onírin tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá jáde lọ sá aṣọ tí wọ́n sì fẹ́ wọlé padà, ilẹ̀kùn náà á ta wọ́n dànù. Ìbùkún, ọmọ àbúrò wọn tó ń gbé ọ̀dọ̀ wọn, tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Oǹdó, ń ṣí fìríìsà kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Ánkù Lawrence, àbúrò bàbá mi, gbá ilẹ̀kùn náà mú níṣojú gbogbo ẹbí, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, kò sí nǹkan. Èmi náà lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, mo fọwọ́ pa fìríìsà náà lára, ó tutù, ó ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ní Màmá, ó rẹ̀ yín ni, ẹ lọ sinmi. Mo wọ mọ́tò mi, mo padà sí Ọ̀bà-Ilé, níbi tí mo ń gbé lẹ́bàá Àkúrẹ́, ó sì dá mi lójú pé mo ti yanjú ọ̀rọ̀.

Màmá kò tún bá mi jiyàn. Ẹni tí kò bá mọ ìyá mi ló máa rò pé ìyẹn dára. Wọ́n ti dájọ́ fún ara wọn: ọkọ àwọn ní kí wọ́n sin òun sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn sin ín sílé, inú ń bí i, ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn nìkan nínú gbogbo èèyàn. Láti ìgbà náà, wọn kò jókòó sí iwájú ilé mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá lára ibojì náà bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ẹni tó wá bu epo sí i ni Ánkù Lawrence. Alàgbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí mo rò pé wọ́n máa bá mi pàrọwà fún Màmá. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn ló ń sọ ọ́ ṣáá pé kí Màmá kúrò nínú ilé yẹn, kí àwọn fi àdúrà tún un ṣe ná. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n mọ̀, wọ́n á fọwọ́ pa irun orí wọn, wọ́n á ní àwọn kò ní ohunkóhun láti sọ. Orí mi máa ń gbóná sí ọkùnrin yìí lórí fóònù, mo kàn ń fi ọ̀wọ̀ pa á mọ́ra ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo kọjú mọ́tò sí Oǹdó. Òjò pàdé mi ní Ọwẹ́nà, ó sì bá mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti múra ìjà. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá Màmá sọ, mo sì ti to èyí tí mo fẹ́ bá Ánkù Lawrence sọ, torí àwọn ló fẹ́ wá fi mọ́tò wọn gbé Màmá lọ sí Òkìtìpupa lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Báàgì Màmá ti wà ní pálọ̀. Àwọn fúnra wọn wà ní kíṣìnnì nínú aṣọ dúdú wọn, wọ́n ń fi omi àti ọṣẹ nu ilẹ̀. Ìyá mi kò lè fi ilé dídọ̀tí sílẹ̀, ì báà jẹ́ ilé tí òkú ti lé wọn jáde. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n wà. Bí wọ́n ṣe máa ń nu ilẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́n nìyẹn, wọ́n ní ẹni tó bá wọ bàtà nu ilẹ̀, ìdọ̀tí ló ń pín kiri. Nígbà tí wọ́n sì wá ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n tún ní àwọn ò ní wọ bàtà nínú ilé rárá títí àwọn ó fi bọ́ aṣọ dúdú. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é. Wọ́n kàn fi ṣe ẹ̀jẹ́ fún ara wọn ni.

Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. Kí wọ́n tó kí mi káàbọ̀ ni wọ́n ti ní kí n bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ibẹ̀ ni. Mo bọ́ ọ. Mo wọlé sínú omi tútù náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sì ti tú dànù, nítorí mo rí i pé ojú wọn ti wú. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí n bá wọn nu èyí tó kù. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ bá àwọn kó ẹja inú fìríìsà jáde kí ó má baà bàjẹ́, pé àwọn fẹ́ gbé e lọ fún àbúrò àwọn. Mo na ọwọ́, mo di etí ìdérí fìríìsà náà mú.

Iná gbé mi. Kò yọ́ mi lọ́wọ́ wò rárá. Ó gba ọwọ́ mi, ó gba àyà mi, ó gba itan mi lọ sílẹ̀, ó sì jù mí nù, mo fìdí lélẹ̀ gbàà nínú omi ọṣẹ. Màmá ti ń pe Jésù. Ìbùkún ti sáré wọlé láti yàrá. Mo pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí, kí Ìbùkún lọ pa súìṣì ńlá ilé. Nígbà tí iná kú, mo wà níbẹ̀ nínú omi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá rò pé orí mi ti dàrú. Mi ò tíì rí ẹni tí iná gbé tí inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ iná. Ó ti gbé mi rí nínú láàbù ilé ẹ̀kọ́, mi ò sì lè ṣì í mọ̀.

"Màmá, iná ni. Kì í ṣe Bàbá. Iná mọ̀nàmọ́ná lásán ni."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní kí ló dé tí kò gbé mi lọ́jọ́ tí mo wá lọ́jọ́sí, kí ló dé tí kò gbé Ìbùkún. Mo na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ Ìbùkún. Sálúbàtà rọ́bà nípọnnípọn ló wà níbẹ̀, ó wọ̀ ọ́ wọ kíṣìnnì, ó wọ̀ ọ́ wọ ilé ìwẹ̀, díẹ̀ ló kù kó wọ̀ ọ́ sùn. Mo na ọwọ́ sí bàtà mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rán wọn létí bàtà ńlá onísàlẹ̀ rọ́bà tí Ánkù Lawrence máa ń wọ̀.

Mo wá ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Iná tó jò sára fìríìsà dà bí omi tó kún táǹkì, ó ń wá ọ̀nà bọ́ sílẹ̀ ni. Bí ẹni tó wọ rọ́bà bá fọwọ́ kàn án, iná náà kò rí ọ̀nà gbà, nítorí rọ́bà ti dí i lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì tó tutù, ọ̀nà gbalasa ni fún un láti ọwọ́ títí dé ilẹ̀, ọkàn èèyàn sì wà lójú ọ̀nà náà. Mo fi hàn wọ́n bí ẹ̀yìn fìríìsà ṣe fara ti irin ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn náà fi ń gbé wọn tí wọ́n bá dúró lórí ilẹ̀ tútù níta. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rù wá ń bà mí, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi pé ó lè ti pa wọ́n.

Màmá gbọ́ mi dópin. Olùkọ́ ni àwọn náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, a kì í sì í fi ariwo tan olùkọ́.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n fìríìsà yìí ti pẹ́ níbí, ẹsẹ̀ lásán ni mo sì fi ń nu ilẹ̀ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé. Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí a sin bàbá rẹ tán ló bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní bóyá fìríìsà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lásìkò yẹn ni. Wọ́n mi orí, wọ́n padà sídìí báàgì wọn, mo sì rí i pé tí mi ò bá dáhùn ìbéèrè yẹn, ìyá mi máa lọ sí Òkìtìpupa ni, wọ́n á sì gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn títí wọ́n á fi kú.

Mo pe Ọ̀gá Adébọ̀wálé, oníṣẹ́ iná tó wáyà ilé náà fún bàbá mi. Òun àti Ánkù Lawrence jọ dé ẹnu géètì ni. Ánkù ń wo aago. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó díẹ̀, wọ́n sì jókòó sí fàráńdà.

Ọ̀gá Adébọ̀wálé tú ẹ̀yìn fìríìsà náà, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ní òótọ́ ni, ó ń jò. Ó fi ibi tí wáyà inú ẹ́ńjìnnì fìríìsà náà ti bó hàn mí, ibẹ̀ ti dúdú, erùpẹ̀ sì ti dì mọ́ ọn. Ó ní èyí kì í ṣe ìjò ọdún yìí, ó ti pẹ́ tó ti ń jò. Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé kò yẹ kó gbé ẹnikẹ́ni, nítorí ilé yìí ní áàtì, ìyẹn wáyà tó ń gba iná tó bá jò, tó sì ń gbé e lọ sínú ilẹ̀ kó tó kan èèyàn. Ó lọ síbi mítà, ó wọn wáyà náà, ó tún un wọ̀n, ó ní wáyà náà kò dé ibi kankan mọ́, á jọ pé ó já. Ó wá ń tọ̀ ọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní iwájú ilé ni òun fọwọ́ ara òun rì í sí, lábẹ́ fèrèsé ibẹ̀ yẹn. Ó yí igun ilé, ó rí ibojì bàbá mi, ó sì dúró. Ó ṣí fìlà.

Ó ní ibẹ̀ gan-an ni. Ó ní òun gbẹ́ ihò tó jìn, òun ri irin kọ́pà gígùn kan mọ́ ọn, òun sì da èédú àti iyọ̀ yí i ká kí ilẹ̀ lè máa gba iná dáadáa.

Ánkù Lawrence dìde lórí àga tí wọ́n wà.

"Èédú àti iyọ̀?"

Ọ̀gá Adébọ̀wálé ní bẹ́ẹ̀ ni, Alàgbà, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ánkù tún jókòó. Ọ̀rọ̀ wá tú lẹ́nu wọn lẹ́ẹ̀kan náà bí àpò ẹ̀wà tó ya.

Ánkù ní àwọn ló dúró ti àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ tí a ń múra ìsìnkú. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n kan, ọkọ́ kan irin. Nígbà tí wọ́n wa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èédú ni wọ́n rí, rẹpẹtẹ, pẹ̀lú àkísà àpò iyọ̀, àti irin pupa kan tó dúró ṣánṣán sáàárín wọn, tí wáyà sì so mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ sọ ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n fò jáde nínú ihò. Ánkù bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ánkù fọwọ́ ara wọn fa irin náà tu, wọ́n gé wáyà tó lọ sínú ilé, torí wọ́n gbà pé oògùn ni, tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ilé kí agbára rẹ̀ lè kárí gbogbo yàrá. Wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n sì gbé e lọ sọ sínú odò lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbààwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn Akíntóyè, ìyẹn bàbá mi, tó kọ́ wọn ní àdúrà, tó mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, ni wọ́n gbà pé ó lọ ri oògùn mọ́lẹ̀ síwájú ilé. Wọn kò lè sọ ọ́ fún ìyàwó wọn, wọn kò lè sọ ọ́ fún Màmá. Nígbà tí Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé nǹkan ń ta àwọn, Ánkù gbà pé ohun tí àwọn tú ló ń jà, pé ẹ̀bi àwọn ni, tí Màmá bá sì kú sínú ilé náà, ọrùn àwọn ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà.

Mo fẹ́ bínú. Mo ti ní ìbínú náà ní sẹpẹ́ láti Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà náà ti bo ojú wọn, wọ́n ń sunkún, omi ojú ń gba àárín ìka wọn já. Wọ́n ń sọ ọ́ ṣáá pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe oògùn. Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe oògùn." Mo rí i pé ẹrù tó wà lórí ọkùnrin yìí ju ti gbogbo wa lọ, òun nìkan ló sì ti ń gbé e. Ìbínú náà kò ríbi jókòó sí mọ́.

Màmá ti jáde sí fàráńdà láìjẹ́ pé a gbọ́ ìró wọn. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ọkọ mi," ni wọ́n sọ fún Ánkù Lawrence, "èmi ni mo ra èédú yẹn. Ọjà ni mo ti rù ú wálé. Bàbá Oríọlá ló gbé iyọ̀. Tí ẹ bá bi mí, ṣé mi ò ní sọ fún yín?"

Ánkù wò wọ́n. Ni Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ ìsìnkú, mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn mọ́, mo sì ti gbàgbé pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ̀rín tí kì í pariwo, tí gbogbo ara á kàn máa mì. Ìbùkún bá wọn dá sí i. Ọ̀gá Adébọ̀wálé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà dà bí ẹni tó ń fi alàgbà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ tú u fó.

Iṣẹ́ kù. Ọ̀gá Adébọ̀wálé gbẹ́ ihò tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ibi tó jìnnà sí ibojì, ó ri irin tuntun mọ́ ọn, ó sì fa wáyà dé ibi mítà. Ánkù Lawrence bọ́ kóòtù wọn, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ló máa lọ ra èédú. Wọ́n lọ, wọ́n sì rà á wá, aṣọ àlà tó wà lára wọn dúdú láti ọrùn dé ìbàdí. Ọ̀gá tún fi bíréékà kan sí i tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá jò sára ohunkóhun. A gbé fìríìsà kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kì í bọ iná títí òun á fi tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà, a tan iná ilé. Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, kò sí nǹkan. Ó kan gbogbo irin tó wà ní kíṣìnnì, kò sí nǹkan. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé oorun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí níbi tí mo dúró sí.

Màmá ń wo bí Ọ̀gá ṣe ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò, wọ́n wá bi í pé, ṣé ó ní fìríìsà náà ti pẹ́ tó ti ń jò? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ó ti tó ọdún mélòó kan. Wọ́n ní ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí àwọn ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣí i nígbà ayé ọkọ àwọn, iná náà wà níbẹ̀? Ó ní ó wà níbẹ̀. Áàtì ló ń gbà á. Ó ní ọ̀pọ̀ onílé ni kì í fẹ́ ṣe áàtì, wọ́n á ní kí ló kàn án. Bàbá ló ní kí òun má fò ó, pé ìyàwó òun kì í wọ bàtà nínú ilé.

Màmá bọ́ sí iwájú ilé. Òjò ti dá, ara táìlì ibojì náà ṣì tutù. Wọ́n kò gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n lọ jókòó sórí rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ẹni tó sùn, wọ́n sì fi aṣọ dúdú wọn nu omi ibẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn, mo fẹ́ bi wọ́n bóyá kí n gbé báàgì wọn padà sí yàrá.

"Mo rò pé wọ́n ń lé mi ni," ni Màmá wí. Wọn kò yíjú sí mi. "Oríọlá, ọkùnrin yìí ń gbà á fún mi ni o. Láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n ń gbà á fún mi, wọn ò sì sọ̀rọ̀."

Omi ojú wọn wá dà. Mo jókòó tì wọ́n, lẹ́yìn náà mo lọ gbé báàgì wọn padà sí yàrá.